Ṣé kọ̀ǹpútà mi ti bàjẹ́ ni?

Ìbéèrè: Mo fi NumPy, irinṣẹ́ ìṣirò Python, wá inverse mátíríìsì oní-12 lọ́nà 12. Nígbà tí mo sọ méjèèjì di púpọ̀ mọ́ ara wọn, kì í ṣe 1 àti 0 tí mo ń retí ni mo rí. Kí ló fà á? (Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Ìrolù, Rẹ́mọ)

Ìdáhùn: Kò bàjẹ́. Nọ́ńbà tó ń lò kò ju nǹkan bíi díjíìtì 16 lọ. Kì í tọ́jú ìyókù. Nínú àwọn mátíríìsì kan, àṣìṣe kékeré bẹ́ẹ̀ máa ń di ńlá. Ẹ wo èyí: x + y = 2; x + 1.0001y = 2.0001. Ìdáhùn rẹ̀ ni x = 1, y = 1. Ẹ sọ 2.0001 di 2.0002 péré, x á di 0, y á di 2! Ìlà ìdọ́gba méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ gorí ara wọn, bí ọ̀nà méjì tó jọ ń lọ sí Ìlíṣàn. Ta ló máa mọ ibi tí wọ́n ti pàdé gan-an? Alan Turing, onímọ̀ ìṣirò àti kọ̀ǹpútà, ti kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 1948.

Bó bá jẹ́ mátíríìsì Hilbert, tó kún fún ìdá bíi 1, 1/2, 1/3, lẹ lò (mo fura sí i), condition number (ìwọ̀n bí àṣìṣe kékeré ṣe lè di ńlá tó) ti oní-12 ti ju 10^16 lọ. Ẹ fi np.linalg.cond wò ó. Bó bá sì jẹ́ Ax = b lẹ fẹ́ yanjú, ẹ fi inv sílẹ̀, ẹ lo np.linalg.solve. Òun náà kò lè wo mátíríìsì burúkú sàn, àmọ́ ó yára ju inv lọ, àṣìṣe rẹ̀ sì sábà máa ń kéré.