Ọ̀YỌ́-ILÉ DI IGBÓ

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, ìlú ńlá kan ni a óò kà nípa rẹ̀ lónìí. Ọ̀yọ́-Ilé ni, níbi tí Aláàfin ń gbé láyé àtijọ́. Àwọn Haúsá ń pè é ní Katunga.

Ní ọdún 1826, òyìnbó kan tí ń jẹ́ Hugh Clapperton dé ibẹ̀. Wọ́n ṣeré eégún fún un níwájú Aláàfin. Àwọn òṣèré kọ́kọ́ wọ inú àpò, wọ́n ń jó, wọ́n ń tàkìtì. Lẹ́yìn èyí, òjòlá kan yọ jáde nínú àpò! Ó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 14. Ó ń wọ́ nílẹ̀, ó ń la ẹnu bí ẹni fẹ́ bu eléégún jẹ. Àbí ejò gidi ni? Rárá o, ènìyàn ló wà nínú aṣọ tí a kùn bí awọ ejò. Níkẹyìn, “òyìnbó” kan jáde, ó rù kan egungun, òtútù ń mú un. Àwọn èrò ń bẹ Clapperton pé kó wò ó dáadáa. Àwọn ayaba ló ń dárin láàárín eré kan sí èkejì.

Ṣáájú ọdún 1840, ogun láti Ìlọrin ti tú ìlú náà ká pátápátá. Aláàfin Àtìbà tẹ Ọ̀yọ́ tuntun dó ní Àgọ́-Ọjà, níbi tí Ọ̀yọ́ wà títí di òní.

Báwo ni igbó ṣe ń gba ìlú? Ẹ̀yin tí ẹ ti kọ́lé alámọ̀ rí mọ̀ ọ́n. Bí kò bá sí ẹni tí yóò tún òrùlé ṣe, òjò á wọlé, ògiri á rọ̀, á wó. Koríko á hù, igi á tẹ̀lé e. Lónìí, igi oṣè, àpáàdì, ojú ọlọ lára àpáta àti òkìtì ògiri ni a fi ń mọ̀ pé ènìyàn gbé ibẹ̀ rí. Láti ọdún 1991, ọgbà ẹranko ìjọba àpapọ̀ ni. Ìgalà àti ọ̀bọ ló ni í, òjòlá gidi sì wà níbẹ̀.

Eré ńkọ́? Kò sí ẹni tó lè ru ògiri sá fún ogun, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tó sá lọ ni ijó wà. Àwọn ọlọ́jẹ̀ gbé e kiri ìlú dé ìlú, wọ́n kọ́ ọmọ wọn. Eléégún onídán ṣì ń di òjòlá, ó ṣì ń di òyìnbó. Ní agbolé tí wọn kò bá kọ́ ọmọ mọ́, igbó ti wọ ibẹ̀ náà, bí páànù tilẹ̀ ń dán lórí ilé.

IṢẸ́ ṢÍṢE
1. Kí ló mú kí ilé alámọ̀ tètè wó?
2. Ẹ kọ orúkọ ijó kan tí àwọn àgbà agbolé yín mọ̀, tí ẹ̀yin kò mọ̀ ọ́n jó. Ta ló kù tó mọ̀ ọ́n? Ẹ lọ bá a kí ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀ tó pé, kí ẹ sì kọ ohun tó bá sọ sínú ìwé yín.