Jehoṣeba, Arábìnrin Bàbá Joaṣi

Ẹ jẹ́ kí a ṣí Bíbélì wa sí Ìwé Àwọn Ọba Kejì, orí 11, àti Kronika Kejì, orí 22 títí dé 24.

Nígbà tí a pa Ahasiah ọba Juda, Ataliah ìyá rẹ̀ fi ipá gba ìjọba, ó sì pa àwọn ọmọ-ọmọ ara rẹ̀. Jehoṣeba, arábìnrin Ahasiah, jí Joaṣi gbé pẹ̀lú alágbàtọ́ rẹ̀, ó sì fi wọ́n pamọ́. Ọdún mẹ́fà ni ọmọ náà gbé nínú ilé Olúwa. Kí ọmọ jòjòló jẹun, kí ó kọ́ ìrìn àti ọ̀rọ̀ sísọ, kí ará òde má sì gbọ́ igbe rẹ̀! Bí àṣírí bá tú, ẹ̀mí Jehoṣeba pàápàá ìbá lọ sí i. Ní ojú tiwa, iṣẹ́ yìí le ju ti àwọn ẹ̀ṣọ́ tí ó yí ọba ká ní ọjọ́ kan ṣoṣo.

Ìyá ni ọmọ ń pe irú obìnrin bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ wa. Òun ni ó wẹ ọ̀pọ̀ nínú wa, tí ó pọ̀n wá. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, a kì í sábà gbọ́ orúkọ rẹ̀.

Ní ọdún keje, Jehoiada àlùfáà, ọkọ Jehoṣeba, fi Joaṣi jọba. Nígbà tí Jehoiada kú, a sin ín sáàárín àwọn ọba. Joaṣi sì gbàgbé oore, ó ní kí a sọ Sekariah ọmọ rẹ̀ lókùúta pa ní àgbàlá ilé tí a gbé tọ́ ọ dàgbà. Nípa ikú àti ibojì Jehoṣeba, a kò rí nǹkan kan kà.