Nọ́ńbà Kejì Fún Ọjà
Ẹ̀yin ọmọ mi tó ń tajà lórí WhatsApp, ó dára kí ẹ ní nọ́ńbà kejì fún oníbàárà, kí àṣírí yín má bàa tú. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ṣí àkáǹtì OPay. Nọ́ńbà fóònù náà ni wọ́n ń sọ di nọ́ńbà àkáǹtì. Ẹnikẹ́ni tó bá tẹ̀ ẹ́ bí ẹni fẹ́ fowó ránṣẹ́ yóò rí orúkọ yín, pẹ̀lú ti ìdílé. Ibẹ̀ ni àṣírí ti ń tú jù lójú tèmi. Fọ́tò tó wà lórí Facebook yín, ẹ má gbé e sórí WhatsApp nọ́ńbà kejì yìí. NIN tiyín ni kí ẹ fi gba síìmù náà, ẹ má yá ti ẹnikẹ́ni. Ẹ sì máa ra káàdì sí i, kí ẹ sì máa lò ó: síìmù tí a kò lò fún oṣù 6, iléeṣẹ́ lè tì í pa, kó sì padà di ti ẹlòmíì.