Ẹ̀kọ́ Ìlera: Kí Ọkọ Náà Lọ Ṣe Àyẹ̀wò



Bí ọdún méjì bá kọjá lẹ́yìn yìgì tí ọmọ kò dé, ìyàwó ni a máa ń kọ́kọ́ wò. A ó gbé e lọ sílé, sí Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Ọ̀fà, kí ó lọ lo àgbo. Àwọn mìíràn a tilẹ̀ ti máa wá ìyàwó kejì. Ọkọ kò sì tí ì dé ọ̀dọ̀ dókítà. Èyí kò tọ́. Nínú tọkọtaya 314 tí wọ́n yẹ̀ wò ní Nnewi, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2003, nǹkan bí 42 nínú ọgọ́rùn-ún ni ìṣòro wọn wà lọ́dọ̀ ọkọ nìkan.

Kí ni varicocele?

Ọ̀kan nínú ohun tí ó lè fa èyí ni àrùn tí àwọn dókítà ń pè ní varicocele. Iṣan tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ kúrò ní ẹpọ̀n ni ó wú tí ó sì lọ́. Kì í ṣe ìpá. Apá òsì ni ó wọ́pọ̀ sí. Bí ọkùnrin bá dúró, ó dà bí ekòló tí ó kó jọ lábẹ́ ọwọ́ dókítà. Ẹ̀jẹ̀ tí ó dúró níbẹ̀ a máa mú ẹpọ̀n gbóná, ooru sì ń ba àtọ̀ jẹ́. Ó lè má dun ẹni rárá. Ọ̀pọ̀ tí ó ní i ṣì ń bímọ.

Ta ni iṣẹ́ abẹ yẹ fún?

1. Ẹni tí dókítà fi ọwọ́ kan iṣan náà tí ó sì rí i pé ó wú.
2. Ẹni tí àyẹ̀wò fi hàn pé àtọ̀ rẹ̀ kò dára tó.
3. Ẹni tí ìyàwó rẹ̀ náà ti ṣe àyẹ̀wò, tí kò ní ìṣòro tàbí tí tirẹ̀ ṣe é wò.

Dókítà a lá ibi kékeré nítòsí itan, a so àwọn iṣan tí ó wú. Ẹ̀jẹ̀ a sì gba iṣan mìíràn. Ọ̀pọ̀ ń padà sílé lọ́jọ́ náà. Omi lè gbá jọ síbẹ̀ lẹ́yìn náà, tàbí kí iṣan tún wú. Àtọ̀ tuntun ń gba nǹkan bí oṣù méjì ààbọ̀ kí ó tó pé, nítorí náà ẹ ní sùúrù di oṣù kẹta kí ẹ tó tún un yẹ̀ wò. Ó máa ń dára sí i fún ọ̀pọ̀, ṣùgbọ́n kò sí dókítà tí ó lè fi ọmọ ṣèlérí.

Ẹ̀yin ọkọ, ọ̀nà kò jìn: JUTH wà ní Lamingo. Ẹ̀yin ìyá ọkọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dá ìyàwó lẹ́bi kí èsì ọmọ yín tó jáde. Àdúà dára, ìtọ́jú náà sì jẹ́ ohun tí Ànábì wa (SAW) fi lọ́lẹ̀ fún wa.

Kí Ọlọ́hun fi ọmọ rere ta wá lọ́rẹ. Àmín.