Oògùn Irorẹ́ àti Eegun Ara

Irorẹ́ kì í pani, ṣùgbọ́n ìtìjú rẹ̀ pọ̀ fún ọ̀dọ́. Ní Ṣómólú, níbi tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ti ń ró láti òwúrọ̀ di alẹ́, àti ní Bàrígà tí ó múlé tì í, ilé ìtajà oògùn ni ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń kọ́kọ́ yà sí bí irorẹ́ bá bo ojú wọn. Ọ̀kan nínú àwọn oògùn tí ó lágbára jù lọ fún irorẹ́ líle ni isotretinoin. Ó yẹ kí a mọ ìdílé tí ó ti wá kí a tó gbé e mì.

Ọmọ ìyá fítámì A ni. Epo pupa tí a fi ń se ọbẹ̀ ní èròjà tí ara fi ń ṣe fítámì yìí, ara a sì máa mú ìwọ̀n tí ó tó o. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé fítámì A fúnra rẹ̀ mì ní àmujù, ẹ̀dọ̀ a kó o pamọ́ títí yóò fi di májèlé. Àwọn atukọ̀ Họ́láńdì tí yìnyín há mọ́ ní ìhà àríwá ayé jẹ ìyà èyí ní 1597. Wọ́n jẹ ẹ̀dọ̀ béárì funfun, àìsàn kọlù wọ́n, awọ ara àwọn mẹ́ta sì bó láti orí dé ẹsẹ̀. Ó di 1943 kí àwọn onímọ̀ tó fi hàn pé fítámì A inú ẹ̀dọ̀ náà ni ó fà á.

Ní 1982 ni Amẹ́ríkà fọwọ́ sí isotretinoin. Ní ọdún kejì, àwọn dókítà níbẹ̀ kọ̀wé nípa àwọn aláìsàn tí awọ wọn le bí ìpẹ́ ẹja, tí wọ́n ti ń lo oògùn náà lọ́pọ̀lọpọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tí a ya àwòrán eegun wọn, a rí i pé eegun tuntun ti ń yọ lára ọ̀pá ẹ̀yìn wọn. Ní ti ọmọdé tí ó lò ó bẹ́ẹ̀, eegun rẹ̀ tilẹ̀ lè dẹ́kun gígùn ṣáájú àkókò.

Àwọn kan gbọ́ èyí, wọ́n ní oògùn irorẹ́ ń fa jẹjẹrẹ eegun. Àsọdùn ni. Eegun tí ó yọ yìí kì í ṣe jẹjẹrẹ, kì í sì í tàn kálẹ̀. Ẹlòmíràn kì í tilẹ̀ mọ̀ pé òun ní i. Ẹni tí ó lò ó fún oṣù díẹ̀ nítorí irorẹ́ kò sì sí nínú ewu kan náà. Ti ọmọ inú ni ó burú jù: aboyún kò gbọdọ̀ fẹnu kàn án rárá. Nítorí náà ni dókítà ṣe ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, tí ó sì ń bi obìnrin léèrè oyún kí ó tó kọ ọ́. Bí ìlò rẹ̀ yóò bá sì pẹ́ lọ́dún, a lè ya àwòrán eegun. Ẹni tí ó ra hóró mẹ́wàá lọ́wọ́ oníṣòwò ní Bàrígà kò ní ẹni tí yóò ṣe èyíkéyìí nínú wọn fún un.