Ẹ̀KỌ́ OṢÙ YÌÍ: EJẸ́ǸTÌ, ṢỌ́Ọ̀BÙ ÀTI OWÓ GÚDÍWÌLÌ

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun tí Ó ṣe òwò ní ẹ̀tọ́ fún wa. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábà rẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí lọ́kùnrin àti lóbìnrin, ẹ̀kọ́ wa lóṣù yìí dá lórí ohun tí púpọ̀ nínú yín ní Ìsàlẹ̀ Èkó ń bá pàdé lẹ́yìn tí ẹ bá ti ṣe fúrídọ̀mù iṣẹ́ ọwọ́, tàbí tí ẹ bá jáde ní yunifásítì tí iṣẹ́ kò sí. Ẹ kò fẹ́ bẹ̀rẹ̀ òwò láti ìpìlẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù tó ti ń tà tẹ́lẹ̀ ni ẹ fẹ́ rà, ejẹ́ǹtì ni yóò sì mú yín débẹ̀.

Iṣẹ́ ejẹ́ǹtì kì í ṣe àjèjì nínú ẹ̀sìn wa. Simsār ni Lárúbáwá ń pe ẹni tó bá ń ṣe é. Qays ọmọ Abī Gharazah, ọ̀kan nínú àwọn sàhábà, ròyìn pé orúkọ yìí ni wọ́n ń pe àwọn oníṣòwò Mọ̀dínà kí Ànábì (S.A.W.) tó fún wọn ní orúkọ tó dára jù ú lọ, ìyẹn tujjār. Ó sì gbà wọ́n nímọ̀ràn kí wọ́n máa fi sàráà pọ̀ mọ́ òwò wọn, nítorí pé ọ̀rọ̀ àsọdùn àti ìbúra máa ń wọ inú rẹ̀. Lẹ́mọ́mù Bukhārī ya ìpín kan sọ́tọ̀ fún owó iṣẹ́ ejẹ́ǹtì nínú àkójọ rẹ̀, ó sì dárúkọ Ibn Sīrīn, ʻAtā', Ibrāhīm àti Hasan pé wọn kò rí aburú nínú rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ fún yín pé èèwọ̀ ni gbogbo owó ejẹ́ǹtì, kò kàwé dé ibẹ̀. Ọ̀nà tí a ń gbà gbà á ni ọ̀rọ̀ wà.

Ìwé Risālah tí Ibn Abī Zayd al-Qayrawānī kọ (ó kú ní ọdún 386 Hijra, 996), tí àwọn ọmọ ilé-kéwú wa ń kà lórí ọ̀nà Lẹ́mọ́mù Mālik, fi ẹni tí a ní kí ó bá wa ta aṣọ sí abẹ́ juʻl. Juʻl ni owó tí a ṣe ìlérí rẹ̀ fún ẹni tó bá parí iṣẹ́ kan. A kì í dá ọjọ́ fún un, kò sì ní nǹkan kan láti gbà àyàfi tí iṣẹ́ náà bá parí. Ẹ fi èyí wé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní Ìdúmọ̀tà àti Balógun, níbi tí ejẹ́ǹtì ti ń gba owó fọ́ọ̀mù àti owó ìyẹ̀wò kí ẹ tó fojú kan ṣọ́ọ̀bù rárá. Owó ọkọ̀ tí ẹ bá fi tinútinú fún un kò burú. Kọmíṣọ̀n ní tirẹ̀, ọjọ́ tí kọ́kọ́rọ́ bá bọ́ sí yín lọ́wọ́ ni kí ẹ san án, kí ẹ sì ti jọ sọ iye rẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ni ejẹ́ǹtì Èkó sábà máa ń bèèrè. Ó yẹ kí ẹ bi í pé: mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún kí ni? A ó padà sí ibẹ̀.

Ẹ tún bi í pé ta ló rán an níṣẹ́. Bí ó bá fẹ́ gba owó lọ́wọ́ ẹni tó ń tà àti lọ́wọ́ ẹni tó ń rà, kí àwọn méjèèjì mọ̀. Olówó ṣọ́ọ̀bù lè ní mílíọ̀nù méjì ààbọ̀ ni òun fẹ́, kí ejẹ́ǹtì sọ mílíọ̀nù mẹ́ta fún yín. Wọ́n gbà á wá láti ọ̀dọ̀ Ibn ʻAbbās pé kò burú kí olówó aṣọ sọ pé, tà á ní iye báyìí, èyí tó bá lé jẹ́ tìrẹ. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ kò fara mọ́ ọn, nítorí pé a kò mọ iye owó iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n ohun tí olówó ọjà mọ̀ sí ni wọ́n ń jiyàn lé lórí. Èyí tí a fi pa mọ́ fún un kò sí nínú àríyànjiyàn onímọ̀ kankan, jìbìtì ni. Bákan náà ni ti ẹni tó ní, "Ẹ yára, ẹnìkan ń bọ̀ wá san án lẹ́yìn ìrun Àsárì," tí kò sì sí ẹni náà rárá. Ọmọ ìyá najash tí Ànábì (S.A.W.) kọ̀ fún wa nìyẹn.

Ó wá kan ohun tí ẹ ń rà gan-an, ibẹ̀ ni owó ọ̀dọ́ ti ń ṣègbé jù. Ká mú ṣọ́ọ̀bù aránṣọ kan nítòsí Jánkàrá ṣe àpẹẹrẹ. Ejẹ́ǹtì ní ₦3,000,000 ni gbogbo rẹ̀. Ẹ tú u palẹ̀. Aṣọ, òwú àti bọ́tìnnì tí ẹ kà fúnra yín jẹ́ ₦1,200,000. Ẹ̀rọ ìránṣọ, jẹnẹrétọ̀ àti tábìlì jẹ́ ₦600,000. Owó ṣọ́ọ̀bù jẹ́ ₦600,000 lọ́dún, oṣù mẹ́rin ló sì kù níbẹ̀, ₦200,000 nìyẹn. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦2,000,000. Mílíọ̀nù kan tó ṣẹ́ kù ni wọ́n ń pè ní gúdíwìlì, ejẹ́ǹtì yóò sì gba ₦100,000 lórí òun nìkan.

Nǹkan méjì ló wà nínú gúdíwìlì yìí, wọ́n sì máa ń lú wọn pọ̀. Ọ̀kan ni orúkọ òwò náà àti àwọn oníbàárà rẹ̀. Èkejì ni àyè náà fúnra rẹ̀, pé ẹni tó wà níbẹ̀ dìde fún yín. Ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ fíkíhì lágbàáyé tó wà ní Jeddah ti jókòó lórí méjèèjì. Ní Kuwait, ní oṣù Disẹ́ńbà 1988, wọ́n ní orúkọ òwò jẹ́ ohun ìní tí a lè tà, bí kò bá ti sí ẹ̀tàn nínú rẹ̀. Ní Jeddah, ní oṣù Fẹ́búrúárì ọdún kan náà, wọ́n sọ̀rọ̀ lórí owó àyè, tí Lárúbáwá ń pè ní badal al-khuluww. Wọ́n ní bí àkókò tí ayálégbé san owó rẹ̀ kò bá tíì pé, ó lè gba owó lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ wọlé láti fi ìyókù àkókò náà sílẹ̀ fún un, níwọ̀n bí àdéhùn òun àti onílé àti òfin ìlú bá ti fàyè gbà á. Bí àkókò bá ti pé, kò lẹ́tọ̀ọ́ láti gba kọ́bọ̀, nítorí pé kò ní nǹkan kan níbẹ̀ mọ́. Àyè ti di ti onílé.

Nítorí náà, rìsíìtì owó ṣọ́ọ̀bù ni kí ẹ kọ́kọ́ bèèrè, kí ẹ tó wo ẹrù rárá. Òfin ayálégbé tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2011, tó kan ṣọ́ọ̀bù bó ti kan ilé ìgbé, ní kí onílé máa fún ayálégbé ní rìsíìtì tó sọ àkókò tí owó náà wà fún. (Òfin náà yọ Ìkòyí àti Victoria Island sílẹ̀, kò yọ Ìsàlẹ̀ Èkó.) Ejẹ́ǹtì tó bá ní rìsíìtì ti sọnù, ẹ ní kí ó mú yín lọ bá onílé. Bí kò bá fẹ́ kí ẹ rí onílé, ẹ máa lọ sílé yín.

Ta wá ni onílé? Ilé ẹbí ló pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Láti ìgbà ẹjọ́ Lewis àti Bankole ní 1908, lórí ilé ẹbí kan ní Èkó níbí, ni àwọn lọ́yà ti ń tọ́ka sí i pé irú ilé bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ti ẹnìkan ṣoṣo. Ọmọ ẹbí kan lè fún yín ní àyè lónìí, kí àwọn ìyókù tì í pa lọ́la, kí ejẹ́ǹtì sì ti na kọmíṣọ̀n tirẹ̀ tán. Ẹ rí Dáwódù, ẹ rí àwọn àgbà ẹbí pẹ̀lú rẹ̀, kí wọ́n fọwọ́ sí ìwé kan náà.

Gbèsè tí ṣọ́ọ̀bù náà jẹ àti èyí tí wọ́n jẹ ẹ́, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ níwájú ẹlẹ́rìí, bí àyà 282 nínú Sūratu-l-Baqarah ti pàṣẹ lórí gbèsè. Bí wọ́n bá ti forúkọ òwò náà sílẹ̀ ní CAC, ẹ wò ó bóyá orúkọ ẹni tó ń tà ló wà níbẹ̀.

Ẹ̀yin arábìnrin, kò sí aburú kí ẹ rán ẹlòmíràn sí ejẹ́ǹtì. Ìyá wa Khadījah fi ọjà rẹ̀ rán Ànábì (S.A.W.) lọ sí Ṣáámù kí wọ́n tó fẹ́ ara wọn, ó sì ní kí Maysarah, ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀, bá a lọ. Ṣùgbọ́n bí owó bá jẹ́ tiyín, orúkọ tiyín ni kí ó wà lórí rìsíìtì àti àgírímẹ́ǹtì; kí ejẹ́ǹtì má kọ orúkọ ẹ̀gbọ́n tàbí ọkọ yín síbẹ̀ nítorí pé òun ni ó bá sọ̀rọ̀. Ẹ kà á kí ẹ tó fọwọ́ sí i.

Wallāhu aʻlam.