Kì í Ṣe Gbogbo Ẹ̀jẹ̀ ni Jẹ̀díjẹ̀dí

Ẹ̀yin ọmọ mi, ó ti di ẹnì kẹta báyìí tó ń bá mi sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ń bá ìgbẹ́ òun jáde, tó sì ti fi oṣù mẹ́ta mu àgbo jẹ̀díjẹ̀dí. Mo bi í léèrè ohun tó ń jẹ. Núdù láàárọ̀, sọ́séèjì àti ẹlẹ́rìndòdò lọ́sàn-án, núdù lálẹ́.

Àìsàn kan wà tí ara fi ń bá ìfun ara rẹ̀ jà, tí ìfun á wú, tí á dégbò. Crohn's àti ulcerative colitis ni oríṣi rẹ̀ méjì tó wọ́pọ̀. Oúnjẹ nìkan kọ́ ló ń fà á. Àjogúnbá wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwádìí kan tó jáde ní 2021, lórí ènìyàn tó lé ní 116,000 ní orílẹ̀-èdè 21, fi hàn pé ó ń mú àwọn tó ń jẹ ọ̀pọ̀ oúnjẹ ilé-iṣẹ́ inú ọ̀rá àti agolo, bíi sọ́séèjì àti ẹlẹ́rìndòdò, lójoojúmọ́ ju àwọn tí kì í sábà jẹ ẹ́ lọ.

Nítorí náà, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í yí oúnjẹ yín padà díẹ̀díẹ̀. Ẹ se ẹ̀wà ní Sátidé, kí ẹ pín in sínú abọ́ kéékèèké. Ẹ fi omi rọ́pò ẹlẹ́rìndòdò. Ẹ jẹ ọsàn tòun ti ẹran ara rẹ̀, ẹ má kàn fa omi rẹ̀ mu. Ẹni tí ìfun rẹ̀ ti wú kò gbọdọ̀ dédé ki ẹ̀fọ́ bọnu o. Dókítà ni yóò sọ ohun tó lè jẹ.

Ìwọ tí ẹ̀jẹ̀ ń yọ lára rẹ, tí o ń rù, jọ̀ọ́, lọ sí ilé ìwòsàn lọ́la.